Ọdún Tí A Kun Ilé Yèyé

Ilé Yèyé kì í dákẹ́. Kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa ni àkùkọ á ti bẹ̀rẹ̀ lórí ògiri ẹ̀yìnkùlé, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ á fọn fèrè bó bá ti ń yí kọ́nà wa, ẹ̀rọ ìlọta ìyá tó ń gbé ní kejì ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ohùn Yèyé fúnra rẹ̀ á sì gba àárín gbogbo wọn kọjá, torí kò sí ohun tí ìyá náà kì í bá sọ̀rọ̀. Á bá iná sọ̀rọ̀ pé kó jó. Á bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀ pé kó rántí ọmọ ẹni tó jẹ́. Ìkòkò ọbẹ̀ pàápàá, á máa dá a lóhùn bí ẹni pé ìkòkò ló kọ́kọ́ bú u. Yèyé ni ìyá bàbá mi. Ìkẹ́rẹ́ ni ilé náà wà, lẹ́bàá títì tó lọ sí Adó, tó jẹ́ pé bí o bá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wàá rí orí àpáta Olósùnta lẹ́yìn òrùlé àwọn ará àdúgbò. Gbogbo ọlidé ni wọ́n ń kó mi lọ síbẹ̀. Èmi tí wọ́n bí sí Àkúrẹ́, tí mo mọ ilé àyágbé nìkan, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ilé lè jẹ́ ti ènìyàn, pé ènìyàn lè kan ìṣó mọ́ ògiri láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù. Yèyé ní mi ò lè jókòó sójú kan, ó ní bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé ẹyin sí ni mo ṣe ń rìn kiri. Ó tọ̀nà. Títí di òní tí mo ti ń fi jígí kàwé, bí mo bá jókòó pẹ́, ara mi á máa yún mí.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìpínlẹ̀ Èkìtì ni. Inú gbogbo ènìyàn dùn, wọ́n jó, wọ́n kọrin, àmọ́ nígbà tí ijó parí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọmọ Èkìtì kó ẹrù wọn ní Àkúrẹ́, wọ́n forí lé Adó, wọn ò sì rí ibi tí wọ́n máa sọ ẹrù náà kalẹ̀ sí. Bàbá mi wà lára wọn. Ó ti ṣe tíṣà rí kó tó bọ́ sí ọ́fíìsì, ìdí nìyí tí gbogbo Ìkẹ́rẹ́ fi ń pè é ní Tíṣà. Yàrá méjì la rí háyà ní Adó, nínú ilé kan tí àwa àti àwọn ẹlòmíràn jọ ń du ilé ìdáná. Màmá mi á gbé ìkòkò kalẹ̀ báyìí, obìnrin kan á ti dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú tirẹ̀, á máa mí. Bàbá mi ò lè jókòó mọ́. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á máa lọ láti ògiri dé ògiri, á máa wo òkè bí ẹni pé yàrá náà máa fẹ̀ sí i bí òun bá tẹjú mọ́ ọn. Ó ti rí ilẹ̀ kan ní Adó. Ohun tó fi máa kọ́ ilé síbẹ̀ ni kò sí, àfi ilé Ìkẹ́rẹ́. Ìgbà yẹn ló pàdé Ẹnjiníà, ọmọ Ìsẹ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ ẹnjiníà tó ń ṣe gan-an, àmọ́ ó ní ọkọ̀, bírò méjì sì máa ń wà lápò àyà rẹ̀, ìyẹn tó. Ẹnjiníà ń wá ilé tó kọjú sí títì tó lè fi yàrá iwájú ṣe ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mi ní òun máa ta ti Ìkẹ́rẹ́ fún un, òun máa kọ́ ti Adó, òun á sì mú Yèyé wá sọ́dọ̀ wa kó má dá gbé mọ́. Ṣé Ìkẹ́rẹ́ jìnnà sí Adó ni? Ọjọ́ Ìsinmi tó bá wù ú, á wọkọ̀ lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo ní láti sọ ọ́ báyìí, torí inú ń bọ̀ wá bí yín sí i.

Lásìkò náà ni Àǹtí Emùré bímọ. Àbúrò bàbá mi ni, Emùré ló fẹ́ ọkọ sí. Yèyé gbéra, ó lọ wẹ ọmọ. Nílẹ̀ wa, bí ọmọ ẹni bá bímọ, iṣẹ́ dé nìyẹn: ìyá àgbà á máa se omi gbígbóná, á máa fi aṣọ tẹ ikùn ìyá ọmọ, á máa na apá àti ẹsẹ̀ ọmọ, kò sì ní ronú àtipadà sílé títí ọrùn ọmọ á fi le. Bàbá mi ló kó kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. Ó ní kó máa yà láti Adó, kó máa bá òun wo àwọn adìẹ. Bí bàbá mi ṣe gba kọ́kọ́rọ́ yẹn, ó rí i pé ọ̀nà là. Ọlidé dé, ó kó èmi àti màmá mi sọ́kọ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ titun, ọṣẹ, ike ọ̀dà funfun ńláńlá, àti bùrọ́ọ̀ṣì tó ṣì wà nínú bébà rẹ̀. Ó ní Ẹnjiníà ń bọ̀ wá wo ilé kí ọ̀sẹ̀ tó parí, pé ohun tí ènìyàn bá fẹ́ tà gbọ́dọ̀ fojú jọ ohun tí ènìyàn ń rà. Èmi rò pé Yèyé mọ̀. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn láti béèrè, torí ta ló ń ta ilé láìjẹ́ kí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ mọ̀?

Ẹni tí kò bá tíì tú ilé arúgbó rí, kò mọ ohun tí ilé lè gbé mì. A rí bàtà Bàbá àgbà ẹsẹ̀ kan. A rí agboòrùn tó ku irin nìkan, igbá tí wọ́n fi okùn rán, ọmọrí ìkòkò tí kò ní ìkòkò, àgbàdo tí wọ́n so mọ́ àjà ilé ìdáná tí èéfín ti pa dúdú, àti àkísà oríṣiríṣi tí wọ́n ká jọ dáadáa bí aṣọ tuntun. Bàbá mi á gbé nǹkan síta, màmá mi á gbé e wọlé padà. "Yèyé á béèrè èyí," ni ó máa ń wí. "Á rí òmíràn ní Adó," ni bàbá mi máa ń dá a lóhùn, èmi ni mo sì ń sáré láàárín àwọn méjèèjì pẹ̀lú ohun tí n kò mọ̀ bóyá mò ń gbé jáde ni àbí mò ń gbé wọlé. A fi kànìnkànìn ha ògiri ilé ìdáná títí èékánná wa fi dúdú. Bàbá mi ò fẹ́ kí a tún dáná níbẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìnkùlé la ti ń sun iṣu jẹ, pẹ̀lú epo àti iyọ̀, lórí ìdúró. Màmá mi ní ilé ìdáná tí kò gbọdọ̀ ní èéfín, kí wọ́n kúkú yà á sí mímọ́ fún àlùfáà. Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́. Ó ti tó ọjọ́ díẹ̀ tí kò ti rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un.

Lábẹ́ fèrèsé yàrá ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí mò ń fọ ògiri, nígbà tí mo gbọ́ wọn nínú ilé.

"Ìgbà wo gan-an lẹ máa sọ fún Yèyé?" màmá mi béèrè.

"Bí ọ̀rọ̀ bá ti yanjú."

"Bó bá ti yanjú, kí lẹ máa wá sọ? Pé kí wọ́n má padà wálé mọ́?"

"Ó ń dá gbé. Ó ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn yẹn lẹ́ẹ̀kan, aládùúgbò ló gbé e dìde. Ṣé kí n dúró kó tún ṣubú ni?"

"Mi ò ní kẹ́ ẹ má mú wọn lọ. Mo ní kẹ́ ẹ bi wọ́n."

Bàbá mi ní, "Bí mo bá bi í, á ní rárá."

"Ẹ ti bi wọ́n nìyẹn," màmá mi sọ, "ẹ sì ti gbọ́ èsì."

Bàbá mi wá ń ka òfin fún un. Ó ní Bàbá àgbà ló kọ́ ilé, Bàbá àgbà ti kú, àwọn ọmọ ló ni ogún, ìyàwó kì í jogún ọkọ nílẹ̀ yìí. Òun ti bi Àǹtí Emùré, ó gbà, òun sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má tíì la ẹnu. Bọ̀ọ̀dá Èkó, àbúrò òun kejì, gbà kí òun tó sọ̀rọ̀ tán. Gbogbo ẹni tó yẹ kí wọ́n bi ni wọ́n ti bi. Omi ń ṣàn láti inú aṣọ tí mo fi ń fọ ògiri, ó gba ìgúnpá mi wọ inú ẹ̀wù, n kò sì mọ̀ ọ́n lára. Inú bí mi sí bàbá mi lọ́jọ́ náà ju bí ọmọdé ṣe yẹ kó bínú sí bàbá rẹ̀ lọ. Lónìí tí èmi náà ti ní ìyá tó ń dá gbé, tí mo ń pè é lórí fóònù lárààárọ̀ kí n lè mọ̀ bóyá ó jí, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á, ó kàn wọ ẹ̀wù òfin fún ẹ̀rù náà ni. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ni mo ń rò: Yèyé á dé láti Emùré, á fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹlòmíràn á sì ti inú rẹ̀ dáhùn. Láti ìgbà náà ara mi ò balẹ̀ mọ́. Bí ọkọ̀ bá ti dúró lójú títì, mo ti yọjú.

Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í kun ilé. Bàbá mi bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gun àkàbà, ó ń kun òkè, èmi àti màmá mi ń kun ìsàlẹ̀, ilé tó ti pupa bí ilẹ̀ oko láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n sì ń di funfun níwájú wa. Ó ń dán débi pé bí oòrùn bá kọlù ú, wàá di ojú. Mo gbọ́dọ̀ wá sọ ohun tí bàbá mi gbàgbé, òun tí wọ́n bí tí wọ́n sì tọ́ ní Ìkẹ́rẹ́. Nílùú wa, ìgbà wo ni wọ́n ń kun ilé arúgbó? Arúgbó lè máa gbé inú ilé tí ògiri rẹ̀ ti là, tí páànù ń jò sínú ọpọ́n, àwọn ọmọ rẹ̀ á máa sọ pé àwọn ń bọ̀ wá tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ọjọ́ tó bá kú ni ọdún tó ń bọ̀ dé. Wọ́n á gbé òkú lọ sí mọ́ṣúárì, wọ́n á sọ fún ará ìlú pé Màmá lọ kí ọmọ wọn níbì kan, wọ́n á fi àkókò yẹn pààrọ̀ páànù, wọ́n á gbẹ́ ṣáláńgá, wọ́n á kun ilé. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti ń dán tán, wọ́n á wá túfọ̀ ikú náà. Nítorí náà, bí ará Ìkẹ́rẹ́ bá rí ọmọ tó ti ìta dé, tó gun àkàbà, tó ń fi ọ̀dà funfun kun ilé arúgbó, tí arúgbó náà ò sì sí nílé, kò sí ohun tó tún kù tó fẹ́ bi ẹnikẹ́ni.

Bàbá arúgbó kan tó ń ti oko bọ̀ ló kọ́kọ́ dúró. Ó sọ ẹrù iṣu rẹ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó wo ilé láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ kú uṣẹ́ o, Tíṣà."

"Ẹ ṣé, bàbá."

"Kò burú. Ẹni tó bá bí irú yín kò wá sáyé lásán."

Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. "Bàbá, Yèyé wà ní Emùré. Ọmọ ni wọ́n lọ wẹ̀."

"Emùré," ni bàbá náà wí, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ibi rere ni." Ó fa iṣu kan yọ nínú ẹrù rẹ̀, ó fi ti ògiri, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin ìjọ Yèyé dé, tàwọn ti iṣu, epo àti àkùkọ kan tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú ìrọ́jú."

"Ìrọ́jú kí ni, Mà?"

"Ti uṣẹ́ ni," ó dáhùn, ó di ojú.

"Mà, Yèyé wà láàyè."

"A mọ̀, ọmọ mi. Nínú Olúwa, gbogbo wa la wà láàyè."

Bí bàbá mi ṣe ń sẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń le sí i, torí bí àwọn ọmọ olókùú ṣe máa ń sẹ́ náà nìyẹn. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ rí lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n ń wò ó pẹ̀lú àánú. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ìjọba mọ nǹkan pa mọ́. Ọkùnrin tó máa ń gbẹ́ sàréè wá pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀, ó bi bàbá mi bóyá yàrá Bàbá àgbà ni àbí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá mi ní kò sí sàréè tí a fẹ́ gbẹ́. Ọkùnrin náà ní kò sí wàhálà, pé nígbà tí wọ́n bá ṣe tán ni, àmọ́ kí wọ́n má tíì ṣe sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ yàrá, kó má baà di iṣẹ́ méjì. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo ní láti sá lọ sẹ́yìnkùlé, lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ẹkún ni mò ń sun.

Ẹ̀yìnkùlé náà ni mo ti bá Ìyá Fọlá. Òun ni ìyá kejì ilé, tó ni ẹ̀rọ ìlọta. Òun àti Yèyé kì í kí ara wọn. Ewúrẹ́ Yèyé ló jẹ gbódó tí Ìyá Fọlá sá sórí àpáta láti fi ṣe èlùbọ́, ọ̀rọ̀ dé orí ìyá ara wọn, láti ìgbà yẹn bí ọ̀kan bá jáde, èkejì á wọlé. Ó wá ń fi ìgbálẹ̀ ara rẹ̀ gbá ẹ̀yìnkùlé Yèyé láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Ó gbá a títí dé ìdí ọsàn, ó tún padà wá gbá ibi tó ti gbá. Nígbà tó rí mi, ó ní, "Yèyé rẹ ò fẹ́ràn ìdọ̀tí," ó sì fi etí aṣọ nu imú.

Màmá mi ní kí bàbá mi sọ òótọ́ fún wọn, pé títà la fẹ́ ta ilé. Bàbá mi ní bí òun bá sọ ọ́ nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ náà á dé etí Yèyé kí ilẹ̀ tó ṣú. "Ìròyìn ikú wọn náà ń lọ síbẹ̀," màmá mi dá a lóhùn, "ẹ ò rí i pé ó ti gbéra?"

Ó ti gbéra lóòótọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Emùré, ẹnu Yèyé fúnra rẹ̀ la ti gbọ́ ọ, ó sì máa ń sọ ọ́ títí ó fi kú. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ láti Ìkẹ́rẹ́ ná ọjà Emùré lọ́jọ́ náà, ó sì rò pé ohun tó dára ni kí òun yà kí Àǹtí. Ó wọlé pẹ̀lú ọwọ́ lórí, ó ní ẹ kú ará fẹ́ra kù, pé Ìkẹ́rẹ́ ò gbọ́ irú ikú yìí rí, pé ilé náà ti funfun tán. Yèyé wà lẹ́yìnkùlé tó ń fi àdí pa ọmọ lára. Ó gbé ọmọ náà wọlé kó lè mọ ẹni tó kú. Obìnrin aláṣọ wò ó, ó rò pé àkúdàáyà ni, ó kú nílé tán ó wá ń gbé ní Emùré, ó sì sá jáde, bàtà rẹ̀ kan kù sí ẹnu ọ̀nà. Yèyé ní òun pè é títí pé kó wá mú bàtà rẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Ó wá kọjú sí Àǹtí Emùré. Àǹtí ò mọ irọ́ pa. Kí ọmọ tó sùn, ó ti tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títà, Ẹnjiníà, ilẹ̀ Adó, gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Yèyé dé, ọjọ́ náà gan-an ni Ẹnjiníà sì wá wo ilé. Ọkọ̀ Ẹnjiníà ti wà níwájú ilé. Òun fúnra rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì tí àwọn obìnrin ìjọ jókòó sí, ó ń wo iṣu àti àkùkọ, ó ń bi bàbá mi bóyá wọ́n ní ayẹyẹ. Bàbá mi ń wá ohun tó máa sọ. Ọkọ̀ akérò kan dúró lójú títì, mo yọjú bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì rí Yèyé tó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Àwọn obìnrin ìjọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ǹṣì dojú dé. Ìyá Ìjọ pe orúkọ Jésù, ó sì tún jókòó, sórí ilẹ̀ lásán. Yèyé ò kí ẹnì kankan. Ó dúró ní àgbàlá, ó wo ilé rẹ̀, láti ògiri dé fèrèsé, láti fèrèsé dé páànù, ó wò ó pẹ́.

"Ta ló kú?" ó béèrè.

Àwọn obìnrin ìjọ ń wo bàbá mi.

"Mo ní ta ló kú nínú ulé mi?"

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí ọ̀dà ta sí. Ó ní, "Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín."

"Dìde. O ti fi ọ̀dà ba ṣòkòtò ọ́fíìsì jẹ́." Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. "Èwo nínú yín ló fẹ́ ra ulé?"

Ẹnjiníà fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ojú tì í, ó hàn lójú rẹ̀ pé wọn ò sọ fún òun náà. Yèyé ní kó máa bọ̀, pé ẹni tó mọ ilé ló ń fi ilé hàn. Gbogbo wa tẹ̀ lé wọn, àti àwọn obìnrin ìjọ, àti Ìyá Fọlá tó dúró sí ẹ̀yìn pátápátá. Yèyé ò pa nǹkan kan mọ́ fún un. Ó fi ibi tí àgbàrá ń gbà wọlé hàn án. Ó fi ìka kan ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Ó là níbí. Ọ̀dà lo rí yìí, ògiri wà lábẹ́ rẹ̀." Nígbà tó dé yàrá Bàbá àgbà, ó ní, "Baba wọn ló wà lábẹ́ ibi tí o dúró sí yẹn." Mo rò pé ibẹ̀ ni Ẹnjiníà máa ti sá. Mo fẹ́ kó sá. Ẹnjiníà kàn sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ó ní, "Yèyé, nílé wa ní Ìsẹ̀, lórí bàbá bàbá mi ni mo ti ń sùn láti kékeré. Mi ò ní da bàbá láàmú." Yèyé rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé. Ó mú un lọ sídìí ọsàn lẹ́yìnkùlé, ó ní ìwọ́ ìdodo Tíṣà àti ti àwọn àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹnjiníà ní òun ò ní gé ọsàn. Mo wò ó, mo rí i pé èèyàn dáadáa ni, ọkàn mi sì bàjẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó burú ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn.

A padà sí iwájú ilé. Yèyé jókòó sórí àtẹ̀gùn, àtẹ̀gùn tó gbé e ṣubú yẹn gan-an. Bàbá mi ò lè jókòó. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ níwájú rẹ̀, ó ń sọ ti Adó, ti yàrá tó máa jẹ́ ti Yèyé, ti omi ẹ̀rọ, ti pé òun ò lè sùn bí òun bá rántí pé ó dá wà. Yèyé jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ lẹ ni ulé," ó ní. "Mi ò bá yín du ogún. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́. Ọ̀rẹ́ mi tí mo ti sin nínú ùlú yìí, wọ́n pọ̀ àbí wọn ò pọ̀?"

"Wọ́n pọ̀, Yèyé."

"Gbogbo wọn, ulé wọn funfun lọ́jọ́ tí a sin wọ́n. Wọ́n fún mi ní iyán, mò ń jẹ ẹ́, mò ń wo ògiri, mò ń sọ nínú ara mi pé ulé yìí mà dára, ẹni tó ni ín ò rí i." Ó gbé ọwọ́ lé ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi pa á. Ọ̀dà díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Èmi rí tèmi. Tíṣà, èmi rí tèmi, ojú mi ṣì ríran. Ṣé ọjọ́ tí mo rí i náà ni kí n jáde fún ẹlòmíràn?"

Bàbá mi dúró. N kò rí i kó dúró báyẹn rí. Ó wo Ẹnjiníà, ó wo ilé, mo sì mọ̀ pé ilé Adó ló ń wò tó ń lọ. Mo di etí aṣọ màmá mi mú. Lẹ́yìn náà bàbá mi kọjú sí ọkùnrin náà, ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ forí jì mí. Ilé yìí kì í ṣe títà. Ẹni tó ni ín wà nínú rẹ̀." Ẹnjiníà ò jà. Ó ní kí Yèyé ṣàdúrà fún òun, Yèyé ṣe é, ó sì gbé iṣu òkú ara rẹ̀ méjì sínú ọkọ̀ fún un. Àwọn obìnrin ìjọ fẹ́ kó ìyókù iṣu wọn, Yèyé ní wọn ò tó bẹ́ẹ̀, pé ohun tí wọ́n gbé wá fún òkú, òkú ti gbà á. Ọjọ́ náà ni a tún dáná nínú ilé ìdáná tí a ti fọ̀. Èéfín kún ibẹ̀ dé àjà, odó ń dún, àkùkọ wọ inú ọbẹ̀. Yèyé ránṣẹ́ pe Ìyá Fọlá wá jẹ iyán. Nígbà tó dé, Yèyé wò ó, ó ní, "Wọ́n ní o sunkún."

"Èéfín ni," Ìyá Fọlá dáhùn.

"Èéfín kò sí nínú ulé yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọ̀ ọ́." Ó sún fún un lórí àpótí, wọ́n sì jọ jẹun nínú àwo kan.

N kò ní parọ́ pé gbogbo rẹ̀ dára lẹ́yìn náà. A pẹ́ nínú yàrá méjì yẹn ní Adó, màmá mi sì ń bá ìjà ilé ìdáná lọ. Bàbá mi kọ́ ilé tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kọ́ ọ títí mo fi lọ sí ilé ọkọ, ilé náà ò sì tíì ní páànù lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ìgbà mìíràn wà tó máa ń bínú sí Yèyé láìsọ ọ́, a máa ń mọ̀ nípa bó ṣe ń rìn. Àmọ́ gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń yà ní Ìkẹ́rẹ́, ó sì tún àtẹ̀gùn náà ṣe, ó kan irin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ lè dì mú. Yèyé gbé inú ilé funfun yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí àlejò bá wá, á kọ́kọ́ mú un yí ilé náà ká níta. Òjò ń wọ́ erùpẹ̀ sí i lára, èéfín ń gba ojú fèrèsé jáde sí i, ó ń padà sí àwọ̀ rẹ̀ àtijọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, Yèyé sì ń pè é ní ilé funfun òun.

Nígbà tó kú lóòótọ́, Bọ̀ọ̀dá Èkó gbé ọ̀dà sínú ọkọ̀ láti Èkó, ó sì mú akunlé méjì dání. Bàbá mi jáde sí wọn lójú àgbàlá, ó ní kí wọ́n má ṣí i. Bọ̀ọ̀dá Èkó rò pé ìbànújẹ́ ló gbé e dé ibẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó tún pe èmi náà kí n bá a bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ni ará Ìkẹ́rẹ́ máa wí, pé àwọn ọmọ Yèyé tó ní iṣẹ́ tó ní láárí sin ìyá wọn sínú ilé tó dọ̀tí?

"Kí wọ́n máa wí," bàbá mi sọ. "Ẹni tó yẹ kó rí i ti rí i."